Kí A Tó Ra Katakata: Iṣẹ́ Oko Ni Kó Yan Ẹ̀rọ fún Wa

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti oko Oríire, Sùúrùlérè àti Ògo-Olúwa wá síbí, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí òjò ọdún yìí bọ́ sákòókò.

Ìbéèrè tí ẹ ní kí n wá dáhùn kò lọ́jú pọ̀. Àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀, ó ti tu owó jọ tàbí ó ti rí ẹni tó fẹ́ yá a lówó, ó wá fẹ́ ra katakata. Ṣé kékeré ni kó rà ni àbí ńlá? N ó fi èsì mi lélẹ̀ ná kí n tó máa rò ó. Katakata tí ẹ máa rí iṣẹ́ fún jálẹ̀ ọdún ni kí ẹ fi owó yín rà. Èyí tí ẹ kò nílò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ háyà rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wa tó wà níbí, kékeré ni rírà, ńlá ni háyà. Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀, tó jẹ́ pé ńlá ló tọ́ sí wọn, màá sì sọ bí èèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá òun wà lára wọn.

Ẹ̀yin náà ti rí katakata tó dákú sẹ́yìn ilé, tí koríko hù yí táyà rẹ̀ ká, tí ẹni tó rà á sì ṣì ń san gbèsè. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo bá rí irú rẹ̀, torí owó yẹn ì bá gbẹ́ kànga, ì bá ra irúgbìn tó dára, ì bá san owó ilé-ìwé ọmọ. Ìdí rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀lẹ. Wọ́n ra ẹ̀rọ kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún un ni.

Kí á kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí mo ń pè ní kékeré. Ní agbègbè tiwa, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín họ́ọ̀sìpáwà 25 sí 50 ni. Ńlá ni èyí tó wà láàárín 70 sí 90. Ẹ mọ Massey Ferguson 240 dáadáa: sílíńdà mẹ́ta, nǹkan bíi họ́ọ̀sìpáwà 50. Ẹ mọ 375 náà: sílíńdà mẹ́rin, họ́ọ̀sìpáwà 75, òun ló ń fa púláù onídíìsì mẹ́ta kiri àwọn oko wa. Àwọn tó ju 100 lọ wà, ṣùgbọ́n oko ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà ni wọ́n wà fún, n kò ní fi wọ́n jẹ àkókò yín.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bọ́nẹ́ẹ̀tì kọ́ ni agbára tó ń dé ilẹ̀ o. Jíà ń jẹ nínú rẹ̀, háídírólíìkì ń jẹ nínú rẹ̀, táyà tó ń yọ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Nínú oko, ohun tí púláù máa rí gbà kì í sábà ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún lọ. Ìdí nìyẹn tí katakata méjì tí nọ́ńbà wọn dọ́gba fi lè yàtọ̀ síra lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó wúwo, tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń fà, á fa ohun tí ìkejì rẹ̀ kò lè mì. Ẹni tó bá ń tà á fún yín, tó kàn ń tẹnu mọ́ họ́ọ̀sìpáwà ṣáá, ẹ bi í pé tọ́ọ̀nù mélòó ló wọ̀n, kí ẹ sì bi í bóyá táyà iwájú rẹ̀ ń fà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kékeré kò lè tulẹ̀. Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló mú kí ìdè onírin mẹ́ta tí a fi ń so púláù mọ́ ẹ̀yìn katakata títí dòní di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ ṣe ń di púláù mú, ìdè yẹn ń sọ agbára náà di ẹrù tó ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kò sì jẹ́ kí iwájú katakata gbéra. Katakata rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TE20, tó jáde ní 1946, kò tó họ́ọ̀sìpáwà 30, bẹ́ẹ̀ ó lé díẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan péré ní ìwọ̀n, síbẹ̀ ó tulẹ̀ fún àìmọye àgbẹ̀ ní Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tú láti ayé bàbá ńlá wọn ni wọ́n ń tú. Tiwa, kùkùté ẹmi àti ti igbá ṣì wà nínú rẹ̀, ọ̀gán wà, àpáta ń yọrí níbi tí èèyàn kò fọkàn sí. Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò wàyí.

Púláù onídíìsì mẹ́ta máa ń tú ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 lẹ́ẹ̀kan tó bá kọjá. Bí katakata bá ń rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan, tí ẹ bá yọ àkókò tó fi ń yí padà àti èyí tó fi ń dúró, ẹ máa rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta hẹ́kítà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wákàtí 6 lóòjọ́ á fún yín ní hẹ́kítà 2, ìyẹn éékà 5. Kékeré tó ń fa díìsì méjì á ṣe nǹkan bí éékà 3 lọ́jọ́ kan náà, bí ilẹ̀ kò bá le jù. Háró, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ́ ilẹ̀ tí púláù ti tú sí wẹ́wẹ́, máa ń yá tó ìlọ́po méjì púláù.

Ẹ wá gbé èyí lé oko méjì. Àgbẹ̀ kìíní ní éékà 20 àgbàdo. Katakata kékeré á fi ọjọ́ 7 tú u, á fi ọjọ́ 3 tàbí 4 fa háró lé e. Ọjọ́ iṣẹ́ 11 nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ká sọ pé ọjọ́ 4 nínú ọ̀sẹ̀ ni ilẹ̀ á gbà ká wọ̀ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ 3 tó pé, ó ti parí. Àgbẹ̀ kejì ní éékà 60. Bó bá jẹ́ kékeré ló ní, ọjọ́ 20 fún púláù, 10 fún háró, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 30, ọ̀sẹ̀ 7 àti ààbọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ńlá, 12 àti 6, ọjọ́ 18, ọ̀sẹ̀ 4 àti ààbọ̀.

Ọ̀sẹ̀ 3 tó wà láàárín méjèèjì yẹn ni kí ẹ wò. Òjò tiwa a máa fìdí múlẹ̀ láàárín ìparí oṣù Kẹta sí inú oṣù Kẹrin, a sì máa dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ kó tó tún padà dé. Àgbàdo tí a gbìn ní àárín oṣù Kẹrin á yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, nígbà tí omi ṣì pọ̀ nínú ilẹ̀. Èyí tí a gbìn ní ìparí oṣù Karùn-ún á yọ tirẹ̀ lẹ́yìn àárín oṣù Keje, ìgbà tó sì yẹ kí ọmọ rẹ̀ máa kún ni ọ̀dá oṣù Kẹjọ máa bá a. Àgbẹ̀ éékà 60 tó ra kékeré nítorí pé owó rẹ̀ rọrùn á padà san ìyókù owó náà nínú àpò àgbàdo. Irú ẹni yìí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní ńlá tọ́ sí àwọn kan: ẹni tó ń tú bí éékà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọọdún, tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lójú kan tàbí ojú méjì, tó sì jẹ́ pé ohun tó ń gbìn lórí rẹ̀ kò lè dúró de ẹ̀rọ ẹlòmíràn.

Ẹ padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ éékà 20. Ká ní òun ló ra katakata oníhọ́ọ̀sìpáwà 75. Púláù á gba ọjọ́ 4, háró á gba ọjọ́ 2. Ọjọ́ 6, wákàtí 6 lóòjọ́: wákàtí 36. Wákàtí 36 nínú odidi ọdún! Ìyókù ọdún, ẹ̀rọ yẹn á dúró sábẹ́ igi máńgòrò, bátìrì rẹ̀ á kú, eku á jẹ wáyà rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ á sán, owó tó wà lára rẹ̀ á sì máa dínkù. Bí kò bá lọ máa fi ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, kò sí bó ṣe lè rí owó yẹn padà. Bó bá sì fẹ́ fi ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, òwò mìíràn ló bẹ̀rẹ̀ yẹn, kì í ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ́. Òwò tó dáa ni, mo mọ àwọn tí wọ́n ń fi jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tó fẹ́ ṣe nìyẹn.

Bí ilẹ̀ ṣe rí náà ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ilẹ̀ ẹbí la fi ń dáko, wọ́n sì ti pín in, wọ́n tún un pín. Éékà 2 wà lọ́nà odò, éékà 3 wà lẹ́yìn abà, éékà kan ààbọ̀ wà níbi tí ìyá bàbá wa ń dá tẹ́lẹ̀. Katakata tó ń rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan á fi bí ìṣẹ́jú-àáyá 36 rin ilẹ̀ tó gùn ní mítà 50. Ká ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 ló fi ń yí padà lórí oko. Ẹ rí i pé kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó tún ń yí. Lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 200, á fi 144 ṣiṣẹ́ kó tó fi 20 yí. Orí ilẹ̀ tó gùn ni katakata ńlá ti ń jèrè. Lórí ilẹ̀ tó kúrú, tó rí wọ́gọwọ̀gọ, dísẹ́ẹ̀lì tó ń jó lórí yíyí kò lérè kankan, àlà aládùúgbò á sì wà lábẹ́ táyà, ìjà á bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan gbà pé kékeré ló ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀. Tó bá jẹ́ ti títú éékà kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó bí a ṣe rò ó, torí pé bákan náà ni ilẹ̀ ṣe le fún àwọn méjèèjì: nǹkan bíi lítà 20 sí 30 ni púláù sábà máa ń gbà lórí hẹ́kítà kan, ẹ̀rọ yòówù kó fà á. Ibi tí kékeré ti ń dín ìnáwó kù ni iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Kí a fi ẹ́ńjìnnì 75 lọ gbé àpò àgbàdo mẹ́wàá wálé, òfò ni.

Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló sì pọ̀ jù nínú oko. Ẹ wo kajú, tí àwa ara Ògbómọ̀ṣọ́ gbára lé. Ẹni tó fi mítà 8 sí 10 sáàárín igi kajú, kó tó di ọdún mélòó kan, ẹ̀ka ti ń kan ara wọn. Katakata ńlá tó ní òrùlé kò lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ láì dá ẹ̀ka tó fẹ́ yọ òdòdó. Kékeré á wọlé pẹ̀lú siláṣà, á gé koríko ní oṣù Kọkànlá kí ọyẹ́ tó mú un gbẹ, kí iná igbó tó dé. Àwọn obìnrin tó ń ṣa kajú láàárín oṣù Kejì sí Kẹrin á rí ilẹ̀, wọ́n á rí ejò náà. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń fọ́n oògùn koríko. Ẹ wo omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo ẹ̀gẹ́ tí a ní láti gbé láti oko dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí kí ọjọ́ méjì tó kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń dúdú nínú nígbà tí ọkọ̀ kò bá tètè dé. Píítíò, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata, ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀n kan náà lórí kékeré àti ńlá, òun ló sì ń yí ẹ̀rọ tó ń yọ àgbàdo àti ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Bí ẹ bá kó gbogbo èyí jọ, katakata kékeré tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ní éékà 20 àti kajú díẹ̀ kò ní rí àkókò sùn.

Mo fẹ́ dúró lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ díẹ̀, torí kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀ dúdú tó bá ti ṣàn lọ.

Ẹ gbẹ́ ihò dé orúnkún nínú oko yín. Níbi púpọ̀ ní agbègbè wa, ilẹ̀ dúdú tó wà lókè kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ. Lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ pupa, òkúta wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà yangí. Gbogbo ohun tí àgbàdo ń jẹ wà nínú ilẹ̀ dúdú tín-ín-rín yẹn. Katakata ńlá ní agbára láti rì púláù dé sẹ̀ǹtímítà 30, ẹni tó ń wà á á sì rò pé òun ń ṣe yín lóore. Ó ti gbé yangí wá sókè, ó ti ri oúnjẹ oko mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá háyà ńlá gbọ́dọ̀ dúró tì í, kó fi igi wọn bí púláù ṣe jìn tó níbi àkọ́kọ́ tó tú, kó sì sọ fún oníkatakata pé, “Ẹ gbé e sókè díẹ̀, bàbá.”

Ìwọ̀n ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀. Katakata tó wúwo tó ń gba orí ilẹ̀ tútù kọjá ń tẹ abẹ́ ilẹ̀ pọ̀. Lọ́dọọdún tí púláù bá ń jin bákan náà, abẹ́ rẹ̀ á dì bíi símẹ́ńtì. Omi òjò á dúró lórí rẹ̀, á wá bá ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ lọ, á sì gbé ilẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ á dé ibẹ̀, á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kékeré náà lè ṣe irú rẹ̀ bí a bá fi wọ ilẹ̀ tó ti rin jù, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá ṣe fúyẹ́ tó ni ìpalára rẹ̀ ń fúyẹ́. Ẹ bu ilẹ̀ sọ́wọ́ kí ẹ tó wọ oko, ẹ fún un. Bó bá di ìṣù, tó sì fọ́ nígbà tó já sílẹ̀, ẹ wọlé. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ padà sílé.

Ní IITA ní Ìbàdàn, ibi ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, onímọ̀ ilẹ̀ ọmọ Íńdíà kan, Rattan Lal, fi ọdún 1970 sí 1987 wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irú ilẹ̀ wa yìí tí ẹ̀rọ bá wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá ro igbó rẹ̀, tí wọ́n fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ń pàdánù iyẹ̀pẹ̀ fún ọ̀gbàrá lọ́nà tó ga ju èyí tí wọ́n fi àdá àti ọkọ́ ro lọ fíìfíì. Ilẹ̀ tí wọ́n fi pàǹtí koríko àti pòròpórò bò, tí wọn kò tú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nǹkan kan. Ní 2020 ni wọ́n fún Lal ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ tó jẹ mọ́ oúnjẹ. Ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, ní Ìbàdàn, ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yẹn, ó sì yẹ kó jẹ́ àwa ni a kọ́kọ́ lò ó. Nígbà tí ẹ bá háyà kàtàpílà, ẹ má jẹ́ kó ti ilẹ̀ dúdú jọ sí ẹ̀gbẹ́ oko pẹ̀lú igi. Ẹ máa ń rí i lẹ́yìn náà: ibi tí wọ́n tì í jọ sí ni àgbàdo ti máa ń dúdú mìnìjọ̀, àárín oko á pupa.

Ohun tí èyí ń sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ni pé kò yẹ ká máa tú gbogbo ilẹ̀ lọ́dọọdún. Ilẹ̀ tó ti sinmi fún ọdún púpọ̀, tí èkan àti eruwà ti ta gbòǹgbò sí, kékeré kò lè ṣí i, kí ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Ẹ yọ kùkùté rẹ̀ tán, kí ẹ háyà 75 fún un lọ́dún àkọ́kọ́. Láti ọdún kejì lọ, apá kan ilẹ̀ yẹn lè má fẹ́ púláù mọ́. Siláṣà, oògùn koríko tí a lò bó ṣe tọ́, pòròpórò tí a kò jó, àti gbígbìn sínú pàǹtí: iṣẹ́ kékeré ni gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀nà títọ́jú ilẹ̀ ṣe ń lọ nìyí, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí mo fi ń sọ pé kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra kékeré gbọ́dọ̀ jẹ́ kó jẹ́ kékeré. Ohun tó ń pa á ni iṣẹ́ ńlá: kí wọ́n so púláù onídíìsì mẹ́ta mọ́ ẹ̀rọ 45, kí táyà máa yí lójú kan, kí oníkatakata tẹ kíláàṣì sí àárín kó lè dọ́gbọ́n jáde. Kíláàṣì á jó, jíà á tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ pé agbára wà, tí ìwọ̀n ni kò tó, omi tí a bá dà sínú táyà ẹ̀yìn tàbí irin tí a bá so mọ́ iwájú á ràn án lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ agbára ni kò sí, ẹ fi í sílẹ̀.

Nípa tòkunbọ̀. Àwọn katakata kéékèèké láti Japan, Kubota, Yanmar, Iseki, ń wọlé, wọ́n rẹwà, ẹ́ńjìnnì wọn dára. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń bá rotavator wá, ẹ̀rọ tó ní ọ̀bẹ tó ń yí láti fi gún ilẹ̀ kúnná. Ní àkùrọ̀ lẹ́bàá odò, fún ẹ̀fọ́ àti tòmáàtì, ó dára púpọ̀. Lórí ilẹ̀ yangí, òkúta á jẹ ọ̀bẹ yẹn tán kíákíá, ilẹ̀ tó sì kúnná bí ìyẹ̀fun ni ọ̀gbàrá ń fẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ibi tí ẹ ti máa rí páàtì rẹ̀, kí ẹ sì ní kí mẹkáníìkì yín wá wò ó, kì í ṣe mẹkáníìkì ẹni tó ń tà á. Ẹ ní kí wọ́n fi háídírólíìkì gbé púláù sókè, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Bí púláù bá ń sọ̀ kalẹ̀ wàràwàrà, háídírólíìkì ti ń jò nínú. Ẹ wo èéfín rẹ̀ nígbà tó bá ti gbóná. Ẹ wọ jíà kọ̀ọ̀kan lórí òkè, kí ẹ wò ó bóyá á fò jáde fúnra rẹ̀. Katakata tí mẹkáníìkì Ògbómọ̀ṣọ́ lè tú ká kó sì tún tò lábẹ́ igi, tí páàtì rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, sàn ju èyí tó tuntun tí kò sẹ́ni tó mọ inú rẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ní kí àwa mẹ́wàá jọ ra ńlá kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òjò kan náà ló ń rọ̀ fún gbogbo yín. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá yẹ lóko bàbá àgbà, ọjọ́ yẹn náà ló yẹ lóko ọ̀dọ́ tó kéré jù. Ẹ má fi ipò tàbí ọjọ́ orí to ìlà rẹ̀. Ẹ fi àdúgbò tò ó, kó tú gbogbo oko ọ̀nà kan tán kó tó bọ́ sí òmíràn, kí ẹ sì máa yí ẹni tó kọ́kọ́ gbà á padà lọ́dọọdún. Kí owó àtúnṣe wà nílẹ̀ kí púláù tó wọlẹ̀, torí ẹgbẹ́ tó bá dúró di ọjọ́ tí díìsì kán kó tó dá owó, ọjọ́ yẹn ni ìjà máa dé.

Ẹni tó máa wà á ńkọ́? Ẹni tó mọ mọ́tò wà kì í ṣe oníkatakata. Kùkùté tí a so mọ́ ibi tó ga lẹ́yìn katakata, tó kọ̀ tí kò tu, lè mú kí iwájú katakata gbéra sókè kó sì bo ẹni tó wà á mọ́lẹ̀ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe so ohunkóhun tí ẹ fẹ́ fà mọ́ ibi tó ga ju ọ̀pá ìfa ẹ̀yìn lọ, kùkùté pàápàá. Ọ̀pá píítíò tí kò ní ìbòrí á wé ìró, á wé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, á sì fa èèyàn wọlé. Ní ibi tí wọ́n bá ti ń lọ ẹ̀gẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba orí rẹ̀ kọjá. Táńkì onílítà 1000 tó kún jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ó sì lè wúwo bíi katakata kékeré fúnra rẹ̀. Bí tìrélà rẹ̀ kò bá ní bíréèkì, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, òun ló máa ti katakata, kì í ṣe katakata ló máa fà á. Ẹ bu omi ìdajì. Ilé-iṣẹ́ NCAM wà ní Ìdófìán lẹ́bàá Ìlọrin, kò jìnnà sí wa. Iṣẹ́ wọn ni láti dán ẹ̀rọ oko wò kí wọ́n sì kọ́ àwọn tó ń wà á. Ẹ rán ọmọ yín lọ síbẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti yí dànù.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́dún yìí, kó lọ kọ gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe nínú oko láti oṣù Kìíní dé Kejìlá sílẹ̀, kó kọ wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà síwájú rẹ̀, kó wá wo ẹ̀rọ tó máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ háyà, kó lọ bá oníkatakata sọ̀rọ̀ nísinsìnyí tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, kó san àsansílẹ̀ díẹ̀, kó sì yọ kùkùté kí wọ́n tó dé. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ éékà mélòó ni oko yín jẹ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ éékà la fi ń san owó. Mo gbé téèpù wá. Ẹni tí oko rẹ̀ bá wà nítòsí, kó dúró dè mí, a ó jọ lọ wọ̀n ọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.